Ohun Tó Bo Ojú Egbò Ìyá

Dókítà kò gbé ohùn sókè nígbà tó sọ ọ́. Ó gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀, ó yí àga sí ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi, ó ní, "Màmá, tí ẹran ara tó ń kú lójú egbò yìí ò bá dáwọ́ dúró, a máa ní láti gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún, kó má bàa kó bá gbogbo ara."

Ìyá ò sunkún. Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí wọ́n nà sórí àpótí, ó ní, "Dókítà, ẹsẹ̀ yìí ti bá mi gbé ju ọkọ mi lọ o. Ẹ rọra máa dá a lẹ́jọ́."

Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò rẹ́rìn-ín. Dókítà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rín in tán. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá, torí mo mọ ìyá ọkọ mi. Ìgbà tí ẹ̀rù bá bà á jù lọ ló máa ń dápàárá.

Egbò náà wà lókè ọrùn ẹsẹ̀, níhà inú. Ibi tó kàn ń yún un ló kọ́kọ́ jẹ́, ó ha á, ó bó, kò sì pa dé mọ́. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà ti máa ń wú, torí orí ìdúró ni Ìyá ti lo ìgbésí ayé rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ṣiṣẹ́, ó wà lára àwọn tó ń tún yàrá ṣe, ó sì ṣe é títí ó fi di ọ̀gá wọn. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Mọ́tótó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà bá a wálé. Bó o bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, fi ife tó o fi mu omi sílẹ̀ láìfọ̀.

A ti ra oògùn. Ó ti gba abẹ́rẹ́. Ó ti lo èyí tí wọ́n ní ó ń pa gbogbo kòkòrò tó wà nínú ara, ó lò ó tán, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Egbò kàn ń wò wá ni. Ìgbàkígbà tí mo bá tú báńdéèjì, nǹkan aláwọ̀ ìyeyè kan á ti bò ó lójú, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá.

Èmi ni mò ń wẹ egbò náà nílé, torí ọ̀dọ̀ wa ni Ìyá ń gbé. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ò fi ìyẹn jẹ́ kí n gbádùn. Tó bá ti wá kí ìyá rẹ̀, kó tó jókòó ni yóò ti ṣí ẹsẹ̀ náà wò.

"Ìyàwó wa, ṣé o ń wẹ egbò yìí ni, àbí o kàn ń kí i lókèèrè?"

"Mò ń wẹ̀ ẹ́, Àǹtí."

"Ó mọ̀ pé o ń wẹ òun báyìí? Torí kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún un."

Màá gbé abọ́ omi egbò kúrò. Òun lọmọ, ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ilé ìdáná, màá wo ọwọ́ mi méjèèjì, màá bi ara mi pé kí ni mi ò ṣe.

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ gígé yẹn, àwa mẹ́ta ló tẹ̀lé Ìyá lọ: Àǹtí, èmi, àti ọkọ mi tó jókòó síta tì mọ́tò torí kò lè rí ẹ̀jẹ̀.  Lẹ́yìn àpárá Ìyá, nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ gúnyán. Ó ní, "Dókítà, kò tíì dá mi lójú pé òkú ẹran ni gbogbo èyí."

"Èmi náà ò lè búra," dókítà dáhùn. "Ẹ̀rọ tá a fi gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ẹsẹ̀ náà ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò fẹ́ gé ẹsẹ̀ tí kò yẹ ní gígé. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, ó mú abẹ kékeré kan, ó sì pè mí súnmọ́ ọn torí èmi ni mò ń wẹ egbò nílé. Ó fi ẹnu abẹ gbé etí nǹkan tó wà lójú egbò náà sókè díẹ̀. "Wo ibí yìí. Òkú ẹran nìyí. Ẹran ara tó ti kú ni. Ṣó o rí i bó ṣe di ara mú? Ó rí bíi fọ́nrán òwú tó tutù. Nínù ò lè ká a, àfi kí n gé e díẹ̀díẹ̀." Ó gé e, ó sì fi gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń nu egbò, nu ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun tó wà níbẹ̀ bá gọ́ọ̀sì lọ, ó ń dán, ó ń yọ̀ bí ikun. "Èyí ò jọ ti àkọ́kọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń kóra jọ sójú egbò, wọ́n á tu nǹkan tó ń yọ̀ jáde, wọ́n á fi bo ara wọn mọ́lẹ̀ bí ẹni da aṣọ borí sùn. Oògùn téèyàn gbé mì ò ráyè dé abẹ́ aṣọ yẹn."

"Bíi ti inú àgbá omi," mo ní. "Tí a ò bá tètè fọ̀ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ìyá gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Kò sí àgbá tó ń yọ̀ nínú ilé mi o. Kí ẹnikẹ́ni má bà mí lórúkọ jẹ́."

"Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ là ń sọ, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó wá yíjú sí mi padà. "Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì lè jọ wà lójú egbò kan ṣoṣo, àwọ̀ wọn á sì jọra. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojú tèmi náà ò lè yà wọ́n."

Ó ha ojú egbò náà títí ó fi mọ́. Ìyá di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má bàa pariwo. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣe tán, ó fi báńdéèjì funfun dì í, ó ní, "Ẹ gbé Màmá padà wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má tú u. Ẹ má fi ohunkóhun kàn án. Ohun tá a bá bá lójú rẹ̀ lọ́la ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ."

Àǹtí béèrè pé, "Kí lẹ rò pé ẹ máa bá níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀la ná," ni nọ́ọ̀sì sọ. Wọ́n ti ń pe ẹni tó kàn.

A ò tíì dé ibi tí mọ́tò wà tí Àǹtí ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo wa. "Kò ṣòro. Tó bá mọ́ lọ́la, wọn ò ní gé e. Tí ìdọ̀tí yẹn bá tún ti padà, gígé ló kàn nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ náà ló jọ létí gbogbo wa. Ta ni yóò rò pé ìdọ̀tí lẹnì kan ń wá?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí mo gbọ́ omi nínú ilé ìwẹ̀. Ìyá kì í dá wọ ibẹ̀ látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Mo sáré lọ. Ó jókòó sórí garawa tó dojú rẹ̀ dé, báńdéèjì wà lórí itan rẹ̀, ó ká a dáadáa. Ó ti ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ omi oníyọ̀, ó sì ń fi aṣọ ìnujú nu ojú egbò náà. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó di eyín.

"Ti ilẹ̀kùn, ìyàwó mi."

"Ìyá, wọ́n ní ká má tú u!"

"Wọ́n ní. Ṣé àwọn ló ni ẹsẹ̀ ni?"

Mo ti ilẹ̀kùn. Ó na aṣọ ìnujú náà sí mi. Nǹkan kan tó ń dán lẹ̀ mọ́ ọn, ó fà bọ̀rọ́bọ̀rọ́ láti orí aṣọ dé ìka rẹ̀. "O rí i? Ó ti padà. Àná yìí náà ni wọ́n ha á o, o rí gbogbo bí mo ṣe jẹ̀rora. Ó ti padà. Tí wọ́n bá bá a báyìí, wọ́n á gé mi lẹ́sẹ̀."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ fún nọ́ọ̀sì—"

"Gbọ́ mi. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá àgbà máa ń mú áńkáṣíìfù funfun dání tó bá fẹ́ yẹ yàrá wò. Á fi nu etí fèrèsé, á fi nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí áńkáṣíìfù bá dúdú, ẹni tó tún yàrá yẹn ṣe, wọ́n ti lé e lọ sílé nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, kò dúdú nínú yàrá mi rí. Ṣé o mọ ìdí ẹ̀? Torí mo máa ń débẹ̀ kí ọ̀gá tó débẹ̀ ni." Ó fi omi mímọ́ ṣan ẹsẹ̀ náà, ó nù ún gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé báńdéèjì. Ó wé e dáadáa, ó tiẹ̀ wé e ju bí nọ́ọ̀sì ṣe wé e lọ. "Fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Má sọ ọ́ fún ọkọ rẹ. Má sì jẹ́ kí ọmọ mi ẹlẹ́nu mímú yẹn gbọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Lójú tèmi nígbà yẹn, ara rẹ̀ ló ń gbà là.

Nígbà tí a dé yàrá ìwẹgbò, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì náà, ó tẹ̀ ba síbẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Ojú egbò náà pupa, ó mọ́ tónítóní.

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Olúwa, o ṣeun! Ẹ wò ó bó ṣe mọ́!"

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ojú sí òkè àjà bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó jáde lọ, ó pe dókítà wá. Dókítà fi gọ́ọ̀sì kan kan ojú egbò náà, ó yẹ gọ́ọ̀sì wò nídìí iná, kò rí nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ wúwo.

"Màmá, ohun tá à ń retí kọ́ nìyí. Tó bá jẹ́ pé ìbòrí àwọn kòkòrò yẹn ló ń dà wá láàmú, ó yẹ ká ti bá a níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Tí wọ́n bá ha á lónìí, ọ̀la ló ti máa ń padà. Òkú ẹran kì í yára bẹ́ẹ̀, ọjọ́ pípẹ́ ló fi ń kóra jọ. Bí egbò ṣe mọ́ yìí, ó jọ pé òkú ẹran ni gbogbo ohun tá à ń rí látọjọ́ yìí. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ náà tó. Mo máa ní kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún yín ní wọ́ọ̀dù."

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu Ìyá, àmọ́ ó ti gbẹ síbẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí dúró lófuurufú níbi tó ti ń pàtẹ́wọ́.

Mo retí kí Ìyá sọ̀rọ̀. Ó wò mí. Mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ. Obìnrin tó jẹ́ pé ìmọ́tótó lórúkọ rẹ̀, kí ìyàwó ilé wá tú u síta lójú àwọn àjèjì pé ó jókòó sórí garawa, ó ń fi ìdọ̀tí pamọ́? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ ilé yẹn, mi ò já a níyàn rí. Mo tún wo ẹsẹ̀ tó nà sórí àpótí yẹn.

Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Dókítà, ó padà. Mo fojú ara mi rí i láàárọ̀ yìí. Ìyá ti nù ún kúrò ká tó wá."



"Irọ́ ni," Ìyá ní. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Ọmọ yìí ò fẹ́ràn mi. Kò fẹ́ràn mi rí."

Àǹtí dojú kọ mí. "O rí wọn, o ò dá wọn dúró? Ìwọ tó yẹ kó o máa ṣọ́ wọn?" Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo ní irọ́ ni!"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Mo ní, "Ó ń dán, ó ń fà lára aṣọ. Ikun ló jọ. Kò jọ fọ́nrán òwú."

Nọ́ọ̀sì wo dókítà. Dókítà wo Ìyá, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀dì lè dúró di ọ̀la."

Wọ́n tún ha á. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí nọ́ọ̀sì dì í tán, ó mú gègé aláwọ̀ búlúù, ó fa ìlà látorí báńdéèjì bọ́ sí awọ ẹsẹ̀, ní òkè àti nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tú u, ìlà náà ò ní bá ara wọn mu mọ́.

"Ẹ ti sọ mí di olè," Ìyá ní.

"Rárá o, Màmá," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Àwa la jẹ̀bi. Ó yẹ ká ti là á yé yín pé ohun tó ń yọ̀ yẹn là ń retí. Kò sẹ́ni tó ń ṣílé fún àlejò tí kì í kọ́kọ́ gbálẹ̀."

Ìyá ò jẹ oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí ló bu òmíràn fún un. Ọkọ mi bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un. Ó ní, "O ṣe ohun tó yẹ. Àmọ́ má retí pé wọ́n máa dúpẹ́." Àǹtí sùn sínú yàrá Ìyá, ó gbé ẹní rẹ̀ dínà ẹnu ọ̀nà.

Ìlà búlúù wà bó ṣe wà nígbà tí a padà débẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi hàn dókítà kó tó gé báńdéèjì. Mo dúró sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tí egbò náà bá mọ́, Ìyá máa pàdánù ẹsẹ̀, èmi á sì di òpùrọ́ nínú ilé ọkọ mi títí ayé.

Nọ́ọ̀sì ṣí i.

Ó wà níbẹ̀. Ó bo ojú egbò láti etí dé etí, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán nínú iná. Nọ́ọ̀sì fi gọ́ọ̀sì kàn án, ó yọ̀ kúrò. Ó mú irin kékeré kan tó rí bíi ṣíbí, ó ha abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa sì sun jáde ní gbogbo ojú ibẹ̀.

"Ẹ wo ẹ̀jẹ̀," dókítà ní. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe ń sun. Ẹran tó wà lábẹ́ yìí ò kú." Ó dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Mi ò ní gé e báyìí. Mi ò sọ pé ó ti tán o. Òkú ẹran wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kòkòrò ló pọ̀ jù. A máa ha á léraléra. Gbàrà tá a bá ti ha á ni oògùn máa kàn án, nígbà tí wọn ò tíì ráyè da aṣọ borí. A máa fi báńdéèjì tó le di ẹsẹ̀ náà kó má wú. Ó máa dun yín, Màmá."

"Ṣé ó máa dùn mí ju gígé lọ?" Ìyá béèrè.

"Rárá."

"Nígbà náà, ẹ máa ha á."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lọ, tí à ń bọ̀. Àǹtí ló máa ń dúró tì í nínú yàrá tí wọ́n bá ń ha egbò náà. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, màá máa gbọ́ bí Ìyá ṣe ń ka orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ. Nílé, tó bá fẹ́ omi, á sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n sọ fún mi. Tí mo bá kí i, á dáhùn, á ní "Ẹ káàárọ̀," bí ẹni tó ń kí ará òde. Àǹtí kò bi mí mọ́ bóyá mò ń wẹ egbò. Ó kàn máa ń gba abọ́ lọ́wọ́ mi ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo wí sínú ara mi pé ká ní mo dákẹ́ ni. Màá tún rántí ẹ̀jẹ̀ tó ń sun yẹn, ọ̀rọ̀ náà á sì kúrò lọ́kàn mi.

Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọlé láti etí. Awọ tuntun yọ, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán lọ́tọ̀ sí bí ti kòkòrò ṣe ń dán, kò yọ̀. Nígbà kan ó tún fẹ̀ padà díẹ̀, gbogbo wa sì rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n pààrọ̀ oògùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọlé.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó síta bí ìṣe mi, dókítà wọlé tọ̀ wọ́n, kò pẹ́ tó jáde. Mo gbọ́ tí Àǹtí bú sẹ́kún.  Mo ṣì ń dìde nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá.

"Ẹkún kí ni? Ó ní òun ti pa ọ̀rọ̀ gígé rẹ́, ìwọ ń sunkún. Ká ní ó fẹ́ gé e ńkọ́, ṣé ijó lo máa jó? Bọ́ síta, lọ bọ́jú rẹ. Pe ìyàwó mi wá fún mi."

Àǹtí jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dúró níwájú mi. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Wọ́n ń pè ẹ́," ló sọ, ó sì kọjá lọ.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá, mo dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ti tú egbò náà, irin bíi ṣíbí yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá nawọ́ sẹ́yìn, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá inú ṣì ń bí i.

"Kí lò ń wò lójú mi?" ó ní. "Ojú mi ò ní egbò. Ẹsẹ̀ ni kó o máa wò. Èmi ò lè rí ibẹ̀ dáadáa láti ibí. Tí nǹkan yẹn bá tún ti ń padà, ìwọ ni kó o sọ fún wọn."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Kódà tí mo bá ní irọ́ lò ń pa."

 Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha á, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, ọwọ́ rẹ̀ sì le mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé ojú mi sí ẹsẹ̀ náà, mi ò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.